Ikú Yá Ju Ẹ̀sín: Òfin Akin ní Sparta àti ní Ọ̀yọ́ Ilé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Òwe yìí kì í ṣe èyí tí a máa ń fi ṣeré. Ẹni tí ó bá pa á ń sọ fún wa pé ohun kan wà tí ó níyì ju ẹ̀mí lọ, àti pé bí a bá gba ohun náà lọ́wọ́ ènìyàn, ó sàn kí onítọ̀hún má sí láyé mọ́. Àwọn àgbà tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n òwe kan kì í dá gbogbo ẹjọ́. Ìtàn ni ó máa ń fi ibi tí agbára òwe mọ hàn wá. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìlú kan bá mú òwe yìí kúrò lẹ́nu àwọn àgbà, tí ó sì sọ ọ́ di òfin tí kò gba àwáwí. Ìlú méjì ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Èkíní ni Sparta ti ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́. Èkejì ni Ọ̀yọ́ Ilé, olú-ìlú àwọn baba wa.

Ọmọ kíláàsì mi kan ni ó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú mi. À ń sọ̀rọ̀ lórí oyè ogun ní ilẹ̀ Yorùbá ní ọjọ́ náà, ni ọmọkùnrin yìí bá dìde. Ó ti wo sinimá kan tí ó jáde sí gbangba ní ọdún 2007 lórí àwọn ọ̀ọ́dúnrún ọmọ ogun Sparta tí wọ́n kú sí ojú kan. Ó ní àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ọ̀yọ́ ni Sparta tiwa. Ó ní ohun tí ó ba ilẹ̀ wa jẹ́ ni pé a ti pa òfin wọn tì, ojo ni ó sì ń ṣe olórí wa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà, nítorí pé ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òtítọ́, ìdajì tí ó kù sì kàn mí nínú ilé. Ọmọ Ọ̀fà ni mí. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ yóò hàn bí a bá ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Àwọn ará Sparta

Sparta wà ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Gíríìkì, ní àfonífojì odò Eurotas. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹjọ ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n kọjá òkè ńlá tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn wọn, tí wọ́n sì ṣẹ́gun àwọn ará Messenia. Wọ́n gba ilẹ̀ wọn, wọ́n sì sọ àwọn onílẹ̀ di ẹrú orí ilẹ̀ ara wọn. Helot ni wọ́n ń pe àwọn ẹrú wọ̀nyí. Àwọn ni wọ́n ń roko, àwọn ni wọ́n ń kórè, àwọn ni wọ́n sì ń gbé oúnjẹ wá fún àwọn olúwa wọn. Ọmọ Sparta tòótọ́ kì í roko, kì í ṣòwò, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Ogun ni iṣẹ́ rẹ̀.

Láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọmọkùnrin Sparta tí ó bá ti pé ọmọ ọdún méje kúrò ní ìkáwọ́ ìyá rẹ̀ nìyẹn. Ìlú ni yóò gbà á tọ́. Yóò máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sùn lórí eèsún etí odò tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣẹ́. Aṣọ kan ṣoṣo ni yóò fi la ọdún já, ní òtútù àti ní ooru. Kò sì ní í wọ bàtà. Oúnjẹ tí wọ́n ń fún un kò ní í tó o, kí ó lè kọ́ bí a ti í jí oúnjẹ kó. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, wọn yóò nà án. Kì í ṣe nítorí olè tí ó jà ni wọn yóò ṣe nà án, bí kò ṣe nítorí àìgbọ́n tí ó jẹ́ kí wọ́n mú un. Bí ó bá pé ogún ọdún, yóò wọ ẹgbẹ́ àwọn tí ń jẹun pọ̀ lálaalẹ́. Olúkúlùkù ni ó ní ìwọ̀n ọkà bálì, wáìnì, wàràkàṣì àti èso ọ̀pọ̀tọ́ tí ó gbọ́dọ̀ máa mú wá síbẹ̀. Ẹni tí kò bá lè mú tirẹ̀ wá mọ́, kò sí nínú ọmọ onílùú mọ́. Bí ó tilẹ̀ gbéyàwó, kò ní í máa sùn nílé títí yóò fi pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ọgọ́ta ọdún ni ogun jíjà tó bọ́ lọ́rùn rẹ̀.

Àwọn ọmọbìnrin wọn pàápàá ń sáré, wọ́n sì ń jìjàkadì, kí wọ́n lè lágbára láti bí akin. Ìtàn sọ pé ìyá tí ó bá ń fi apata lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ogun bá yá a máa sọ fún un pé kí ó gbé apata náà bọ̀ wálé, tàbí kí wọ́n fi apata náà gbé òkú rẹ̀ wá.

Ní ọdún 480 ṣáájú ìbí Jésù, ọba Páṣíà kó ogun ńlá wá sí ilẹ̀ Gíríìkì. Leonidas, ọ̀kan nínú àwọn ọba méjèèjì Sparta, kó ọ̀ọ́dúnrún ọmọ ogun lọ sí ọ̀nà tóóró kan tí wọ́n ń pè ní Thermopylae. Nígbà tí ọ̀dàlẹ̀ kan fi ọ̀nà ẹ̀yìn han àwọn ará Páṣíà, Leonidas kọ̀, kò kúrò níbẹ̀. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kú síbẹ̀. Ohun tí àwọn onísinimá kì í fẹ́ sọ fún wa ni pé kì í ṣe ọ̀ọ́dúnrún náà nìkan ni ó kú. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ènìyàn láti ìlú Thespiae bá wọn dúró, wọ́n sì bá wọn kú. Àwọn Helot náà kú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni ó ń kọrin wọn?

Herodotus, òpìtàn ilẹ̀ Gíríìkì, sọ ìtàn ẹnì kan tí ó yẹ kí a fetí sí dáadáa. Aristodemus ni orúkọ ọkùnrin náà. Ojú ń dun òun àti ẹnì kejì rẹ̀ gidigidi, ni Leonidas bá ní kí àwọn méjèèjì kúrò lójú ogun. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọ̀tá ti yí àwọn ará wọn ká, ẹnì kejì ní kí ẹrú òun fa òun lọ́wọ́ padà sí ojú ìjà. Níbẹ̀ ni ó kú sí bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ríran. Aristodemus ní tirẹ̀ padà sílé. Ní Sparta, kò sí ẹni tí ó fún un ní iná dá. Kò sí ẹni tí ó bá a sọ̀rọ̀. Gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń pè é, ẹni tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ní ọdún kejì, nígbà tí wọ́n tún pàdé àwọn ará Páṣíà ní Plataea, ọkùnrin yìí fò jáde kúrò nínú ìlà, ó jà ju gbogbo wọn lọ, wọ́n sì pa á. Síbẹ̀ àwọn ará Sparta kò fún un ní ọlá akin. Wọ́n ní ikú ni ó ń wá. Ẹ wo bí òfin náà ti le tó: ó pa á lẹ́bi nítorí pé kò kú, nígbà tí ó sì wá kú tán, kò dárí jì í.

Àwọn Ẹ̀ṣọ́ àti Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé. Ní Ọ̀yọ́ Ilé, àádọ́rin ni àwọn Ẹ̀ṣọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́ Mèsì méjèèje ni ó ń yan mẹ́wàá mẹ́wàá nínú wọn. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921, ṣàlàyé pé oyè yìí kì í ṣe oyè tí baba fi ń jogún fún ọmọ lásán. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni lójú ogun ni ó ń fi ènìyàn joyè. Àkòró ni wọ́n ń dé sórí. Ohun tí ìlú sì ń retí lọ́wọ́ Ẹ̀ṣọ́ kò ju méjì lọ: kí ó jà kí ó ṣẹ́gun, tàbí kí ó jà kí ó kú. Ọgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níwájú. Bí a bá bá ọfà lẹ́yìn Ẹ̀ṣọ́, ìtìjú ni fún ìdílé rẹ̀.

Orí àwọn jagunjagun wọ̀nyí ni Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Aláàfin Ajagbó ni ìtàn sọ pé ó dá oyè náà sílẹ̀, Kòkòrò-Gangan ará Ìwóyè ni ó sì kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi ẹnì kan jẹ Kakaǹfò, wọn yóò fá orí rẹ̀, wọn yóò sì fi abẹ 201 sín gbẹ́rẹ́ 201 sí i ní ìpàkọ́. Oògùn 201 ni wọn yóò rà sí ojú gbẹ́rẹ́ náà, kí ẹ̀rù má baà bà á mọ́ láéláé. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá dá irun sí ibẹ̀. Kò ní í mú ohun ìjà lọ́wọ́ lójú ogun ju ọ̀pá oyè rẹ̀ lọ. Láàrin ọdún mẹ́ta mẹ́ta, ó gbọ́dọ̀ jagun lẹ́ẹ̀kan níbi tí ọba bá rán an. Bí ó bá sì ti jáde, oṣù mẹ́ta ni ó ní: kí ó fi ìṣẹ́gun wọlé, tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé.

Ẹni tí ó bá gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ ìyá Sparta àti apata rẹ̀ yóò rí i pé ọmọ kíláàsì mi kò pa irọ́. Àwọn ènìyàn méjì tí wọn kò mọ ara wọn rí, tí òkun àti aṣálẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún méjì ọdún wà láàrin wọn, ni wọ́n dé ibi kan náà. Irun pàápàá pa wọ́n pọ̀: Herodotus sọ pé amí ọba Páṣíà bá àwọn ọmọ ogun Leonidas níbi tí wọ́n ti ń ya irun orí wọn, nítorí pé àṣà wọn ni láti tún orí ṣe nígbà tí ikú bá súnmọ́ tòsí.

Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó fínnífínní, ìyàtọ̀ wà. Ní Sparta, òfin akin wà fún gbogbo ọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ onílùú. Ní Ọ̀yọ́, ìwọ̀nba ènìyàn tí ó fi ẹnu ara wọn gba oyè ni ó wà fún. Àwọn yòókù ń roko, wọ́n ń hunṣọ, wọ́n ń rọ irin, wọ́n ń ná ọjà Àpòmù. Ẹ̀ṣọ́ pàápàá ní ilé, ó ní aya, ó ní oko, ó ń jó egúngún pẹ̀lú ará ilé rẹ̀. Ọmọ ọdún méje Ọ̀yọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń gbọ́ àlọ́. Nígbà tí Yorùbá bá sì fẹ́ sọ irú ọmọ tí wọ́n ń fẹ́, wọn kì í ní àwọ́n fẹ́ jagunjagun. Ọmọlúàbí ni wọ́n máa ń sọ. Akínkanjú jẹ́ ọ̀kan nínú ìwà ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n òtítọ́ wà níbẹ̀, ìtẹríba wà níbẹ̀, inú rere wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tútù wà níbẹ̀, iṣẹ́ ṣíṣe náà sì wà níbẹ̀. Sparta mú ẹ̀ka kan ṣoṣo lára igi, ó ní igi nìyẹn.

Ohun tí òfin náà ṣe ní Ìwéré

Ó yẹ kí a wá bi ara wa pé: kí ni òpin òfin yìí ní Ọ̀yọ́? Aláàfin Aólẹ̀, tí àwọn kan ń kọ ní Awólẹ̀, jọba ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún. Àfọ̀njá ti Ìlọrin béèrè oyè Kakaǹfò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọba kò fẹ́ fún un, ṣùgbọ́n agbára Àfọ̀njá kò jẹ́ kí ó lè kọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀nà àti yọ ọ́ kúrò ti gba ọba lọ́kàn. Kò lè pa á ní gbangba. Àwọn olùdámọ̀ràn rẹ̀ wá rí ọ̀nà kan: kí wọ́n rán Kakaǹfò lọ sí Ìwéré-Ilé. Orí òkè ni ìlú náà wà, odi yí i ká, kò sì sí ohun ìjà ayé ìgbà náà tí ó lè fọ́ ọ. Oṣù mẹ́ta yóò pé, ìlú kò ní í fọ́, Kakaǹfò yóò sì pa ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin oyè rẹ̀. Ọwọ́ ọba yóò mọ́.

Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí nìyí. Òfin tí a ṣe kí ó lè dẹ́rù ba ọ̀tá ni ọba fẹ́ fi ṣe okùn sí ọmọ ilé lọ́rùn. Ó sì rọrùn fún un láti ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé òfin tí kò gba àwáwí kì í béèrè ẹni tí ó rán ènìyàn níṣẹ́, kì í sì í béèrè ìdí tí ó fi rán an. Bí Ìwéré bá ṣẹ̀ tàbí kò ṣẹ̀, kò kan òfin. Bí ìlú náà bá ṣeé fọ́ tàbí kò ṣeé fọ́, kò kan òfin. Kí ó ṣá ti ṣẹ́gun, tàbí kí ó kú.

Ṣùgbọ́n àṣírí tú. Nígbà tí ogun dé ẹ̀yìn odi Ìwéré, tí àwọn olórí ogun mọ ohun tí wọ́n rán wọn wá ṣe, wọ́n kọ̀. Wọ́n pa àwọn ẹbí ọba tí ó wà láàrin wọn, wọ́n yí ogun padà, wọ́n sì wá dó sí ẹ̀yìn odi Ọ̀yọ́. Nígbà tí ó yá, wọ́n di igbá òfìfo, wọ́n dé e lórí, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Aólẹ̀. Ọba mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Kí ó tó gbé májèlé jẹ, ó jáde sí àgbàlá ààfin pẹ̀lú àwo amọ̀ kan àti ọfà mẹ́ta. Ó ta ọ̀kan sí àríwá, ó ta ọ̀kan sí gúúsù, ó ta ọ̀kan sí ìwọ̀-oòrùn, ó sì gégùn-ún pé ibi tí ọfà wọ̀nyí lọ ni wọn yóò máa kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ. Lẹ́yìn náà ó fọ́ àwo náà mọ́lẹ̀, nítorí pé igbá tí ó fọ́ ṣeé lè, àwo tí ó fọ́ kò ṣeé lè. Nǹkan bí ọdún 1796 ni èyí ṣẹlẹ̀.

Èpè tàbí kì í ṣe èpè, ohun tí ó tẹ̀lé e kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó mọ ìtàn Yorùbá. Àfọ̀njá sọ Ìlọrin di òmìnira. Ó pe Álímì, àlùfáà Fúlàní, sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ẹrú Haúsá tí ó wà lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́lá Ọ̀yọ́ pé kí wọ́n sá wá di ọmọ ogun òun. Àwọn náà ni wọ́n padà dojú ìjà kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 1824. Johnson sọ pé ọfà àti ọ̀kọ̀ tí ó wọ Àfọ̀njá lára pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òkú rẹ̀ kò fi lè ṣubú. Àwọn igi ọfà náà ni ó gbé e dúró. Bí a bá ní kí a fi òfin Ẹ̀ṣọ́ wọ̀n ọ́n, kò sí ẹni tí ó kú ikú tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Ìlọrin bọ́ lọ́wọ́ Yorùbá, ó di ara ilẹ̀ ọba Sókótó. Láàrin ọdún mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá lẹ́yìn ikú rẹ̀, Ọ̀yọ́ Ilé tú, koríko hù sí ààfin. Akin kú ikú akin tán, ìlú kò sí mọ́.

Sparta náà kò yè é. Àwọn Helot pọ̀ jù wọ́n lọ. Ní Plataea, Herodotus ka Helot méje sí ọmọ Sparta kan. Ẹ̀rù wọn ba àwọn olúwa wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aláṣẹ ìlú fi ń kéde ogun lé wọn lórí lọ́dọọdún, kí ẹni tí ó bá pa Helot má baà jẹ̀bi. Ìlú tí ó sọ pé òun kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni kò lè sùn nítorí àwọn tí ń gbé oúnjẹ wá fún un. Pẹ̀lú èyí, iye àwọn ọmọ onílùú ń dín kù. Nǹkan bí ẹgbàárin ni wọ́n ní ayé Leonidas. Nígbà tí ó fi di ayé Aristotle, ní ohun tí ó lé díẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò tó ẹgbẹ̀rún kan mọ́. Ogun pa àwọn kan. Àwọn mìíràn kò rí oúnjẹ mú wá sí ibi ìjẹun mọ́, wọ́n sì bọ́ kúrò nínú ìlú. Kò sí àyè fún àlejò láti wọlé dípò wọn.

Ní ọdún 371 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn ará Thebes ṣẹ́gun wọn ní Leuctra. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọmọ Sparta tòótọ́ ni ó wà lójú ogun, irinwó ni ó kú nínú wọn. Àwọn tí ó kù kò kú. Kí ni kí wọ́n ṣe fún wọn? Òfin ní kí ẹnikẹ́ni má fún wọn ní iná, kí ẹnikẹ́ni má bá wọn sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ti Aristodemus. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ta ni yóò ṣẹ́kù láti dáàbò bo ìlú? Plutarch sọ pé ọba Agesilaus ni ó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí òfin sùn ní ọjọ́ òní, kí ó sì jí ní ọjọ́ kejì. Mo máa ń ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀. Ìlú náà ti mọ̀ nígbẹ̀yìn pé ènìyàn ni ó ń gbé òfin ró. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ní ọdún 369, Messenia bọ́ lọ́wọ́ wọn, Sparta kò sì tún di ìlú ńlá mọ́.

Ọ̀fà

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí ni ó kù. Ọlálọmí Ọlọ́fà-gangan, ọmọ ọba láti Ọ̀yọ́, tafàtafà, ni a gbà pé ó tẹ ìlú wa dó. Orúkọ ìlú àti orúkọ ọfà kò sì jìnnà sí ara wọn. Ara àwọn ìlú tí ó jẹ gbèsè tí Aólẹ̀ àti Àfọ̀njá dá sílẹ̀ ni Ọ̀fà. Nígbà tí Ìlọrin ti di ìlú ogun ní àríwá wa, tí Ìbàdàn sì di ìlú ogun ní gúúsù wa, àárín àwọn méjèèjì ni a wà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìkìrun, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sá lọ sì kú sínú odò Ọ̀tìn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe ogun náà ní Jálumi. Ọ̀fà fara mọ́ Ìbàdàn. Ìlọrin kò gbàgbé. Láàrin ọdún 1880 sí 1890, Kàrárà, olórí ogun Ìlọrin, dó ti Ọ̀fà fún ìgbà pípẹ́ títí ìlú fi bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjòyè tí ó bá níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ọ̀fà ni ó sì sá gba ọ̀nà Ìkìrun lọ.

Baba ìyá ìyá àgbà mi wà nínú àwọn tí ó sá. Bí ìyá àgbà ti máa ń sọ ọ́ fún wa ní alẹ́ nìyí: baba gbé ọmọ kan kọ́ èjìká, ó fa òmíràn lọ́wọ́, ìyàwó rẹ̀ ru agbọ̀n èlùbọ́, wọ́n sì rin gbogbo òru. Ó jagun nígbà tí odi ṣì dúró. Nígbà tí kò sí odi mọ́, ó kó ọmọ. Ẹ̀yìn ni ó kọ sí ọ̀tá. Bí ọ̀kọ̀ bá bà á ní òru ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ni ì bá ti bà á. Ní Sparta, ẹnikẹ́ni kì bá tí fún un ní iná dá. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ìlọrin àti ti Ìbàdàn tú ibùdó wọn ká ní ọdún 1893, tí ọ̀nà là, ó padà wá sí Ọ̀fà, ó tún ilé rẹ̀ kọ́ sí ojú kan náà. Ìyá àgbà kò fi ìgbà kan sọ pé ẹnikẹ́ni pè é ní ojo. Ìlú tí ó ti fọ́ ń fẹ́ ẹni tí yóò mọ ilé.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń bu àwọn tí ó dúró kù. Àwọn ìjòyè tí Kàrárà pa kò kú ikú ìtìjú, Ọ̀fà kò sì gbàgbé wọn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìlú wa ní àyè fún àwọn méjèèjì: ẹni tí ó dúró tí ó kú, àti ẹni tí ó kó ọmọ lọ tí ó sì padà. Mo rò pé eré tí a fi ń dá wa mọ̀ ni ó kọ́ wa ní èyí. Ìjàkadì ni oríkì wa kà sí orò Ọ̀fà, kì í ṣe ogun. Nínú ọdún Onímọ́kà, Ọlọ́fà fúnra rẹ̀ àti Ẹsà, olórí àwọn ìjòyè rẹ̀, a máa dì mú ara wọn lójú agbo, kí ará ìlú lè rántí. Ìjàkadì le. Ó ń fẹ́ agbára, ó ń fẹ́ ọgbọ́n, ó ń fẹ́ ọkàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n dá lójú agbo yóò gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù, yóò lọ sílé lọ jẹun, yóò sì padà wá ní ọdún tí ń bọ̀. Àwọn àgbà ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ ọ́: à ń jà bí í ká kú kọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Oyè Kakaǹfò kò parun. Látòóṣà ti Ìbàdàn jẹ ẹ́, ó sì kú sí ibùdó ogun Kírìjì ní ọdún 1885 láìpadà sílé. Ní ọdún 1964, Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá jẹ ẹ́. Ní ọdún 1988, Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, ní ọdún 2018, Olóyè Gani Adams. Oyè iyì ni, ó sì tọ́ kí ó máa wà. Ṣùgbọ́n a kì í rán Kakaǹfò lọ sí Ìwéré mọ́, kò sì sí ẹni tí ń ka oṣù mẹ́ta sí i lọ́rùn. Ohun tí Agesilaus ṣe fún ọjọ́ kan, àwa ti ṣe é títí láé: a jẹ́ kí òfin náà sùn, a sì jẹ́ kí ọlá oyè náà jí sílẹ̀.

Ìdáhùn mi sí ọmọ kíláàsì mi nìyí. Òótọ́ ni pé ojo kò lè ṣe olórí, àti pé a nílò àwọn ènìyàn tí wọn yóò dúró nígbà tí dídúró bá ṣòro: adájọ́ tí kò ní í gba rìbá, olùkọ́ tí kò ní í ta ìdánwò, akọ̀wé tí yóò kọ̀ láti fọwọ́ sí irọ́. Fún irú ọ̀rọ̀ báyìí, ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ṣùgbọ́n kí ó tó yin òfin tí ó ní kí ènìyàn ṣẹ́gun tàbí kí ó kú, kí ó kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó ń rán ni níṣẹ́, àti ìdí rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa, òfin akin ni wọ́n ń fi tàn wọ́n wọlé. Ẹni tí ó rán wọn kì í bá wọn dé ibi ìjà. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ọwọ́ òsì ni a fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni Sparta ní. Ní òru tí Ọ̀fà tú, ọwọ́ òsì ni baba ìyá ìyá àgbà mi fi fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sí Ìkìrun. Ọmọ tí ó fà lọ́wọ́ ní òru náà ni ìyá ìyá àgbà mi.